Ìtàn Ọ̀bọ̀kún Lórí Àtẹ Mẹ́ta

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé kan, nínú ilé tí a ti ń yan ẹja lẹ́yìn agbo ilé wa ní Ajídò. Àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀. Ìyá àgbà, tó bí bàbá mi, jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Sènamí, ọmọ àbúrò bàbá mi, ọmọ ọdún mẹ́fà tí eyín iwájú rẹ̀ méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, ń to ẹja tó ti jinná sínú agbọ̀n. Èmi ń ṣẹ́ igi. Ẹni kẹrin ni Mísì, olùkọ́ tí ìjọba gbé wá láti Abẹ́òkúta, tó gba yàrá kan lọ́wọ́ wa. Òun nìkan ló ní aago ọwọ́ nínú agbo ilé, Sènamí kì í sì í jẹ́ kó sinmi: "Mísì, aago mélòó ló lù?" Bí ó bá ti gbọ́ èsì, á mi orí bí àgbàlagbà tó ní ibi tó ń lọ, á sì padà sídìí ẹja rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ wákàtí ọjọ́ náà títí di òní.

Èéfín mú Mísì wúkọ́ kí ó tó lè kí wa. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Mo ti bá ọ̀gá ilé-ìwé sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n mú Sẹ̀wánù wá ní Ọjọ́bọ̀." Èmi ni Sẹ̀wánù. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí lọ́dún náà, n kò sì tíì jókòó lórí bẹ́ǹṣì ilé-ìwé rí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti lọ sí ilé-ìwé ní Àgbádárìgì, ó ti ibẹ̀ kọjá sí Èkó, kò sì padà sídìí àwọ̀n mọ́. Bàbá mi sọ pé ìwé ti mú ọ̀kan, omi náà gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti lè gbé àjẹ̀ ni mo ti ń bá a wa ọkọ̀. N kò ráhùn. Ṣùgbọ́n láàárọ̀, bí a bá ń ti ibi àwọ̀n bọ̀, ẹ̀yìn ilé-ìwé ni a máa ń gbà kọjá lórí omi, n ó sì máa gbọ́ tí àwọn ọmọ ń ka nǹkan pọ̀ ní ohùn kan. N ó rọra máa wa ọkọ̀ níbẹ̀. Bàbá mi á ní, "Ṣé àjẹ̀ wúwo ni?" N ó ní, "Rárá, Bàbá." A ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mísì ló rí wa láti ojú fèrèsé kíláàsì rẹ̀ lọ́jọ́ kan, tó sì bi mí léèrè nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pé kí ni mo máa ń tẹ́tí sí.

Ó wá ṣàlàyé ohun tí ọ̀gá wí fún wa nídìí ààrò. Ó ní mo ti dàgbà jù fún Kíláàsì Kìíní. Láyé ìgbà yẹn, bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ tó ilé-ìwé lọ, wọ́n á ní kó gba orí fi ọwọ́ kan etí rẹ̀ kejì. Tèmi ti kọjá etí tipẹ́, ó ti ń lọ sí èjìká. Nítorí náà, ọ̀gá yóò pa ìtàn kan fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí mo bá lè tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìfo ibì kan, láìgbé ẹ̀yìn síwájú, yóò fi mí sí kíláàsì tó ga ju ìyẹn lọ, Mísì á sì máa kọ́ mi ní ABD nírọ̀lẹ́. Bí n kò bá lè sọ ọ́, Kíláàsì Kìíní ni. Gbogbo wa la mọ ohun tí bàbá mi ti sọ nígbà tí Mísì kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ nítorí mi: "Bí wọ́n bá ní kó lọ jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń tọ̀ sára, kó padà wá di àjẹ̀ rẹ̀ mú." Bàbá mi kì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kì í sì í yí i padà. Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìtàn ni wọ́n fẹ́? Ọmọ yìí ti jẹ ìtàn ju ẹja lọ nílé yìí."

Mo ní láti sọ bí ìyá àgbà ṣe máa ń pa ìtàn. Ààrò rẹ̀ jẹ́ ti amọ̀, ó ga dé ìbàdí mi, àtẹ mẹ́ta tí a fi wáyà ṣe ló sì máa ń tò lé ara wọn lórí rẹ̀. Ṣawá ni a máa ń yan jù, nígbà mìíràn ẹ̀pìyà, ìyá mi á sì kó wọn lọ tà ní Àgbádárìgì, kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nílé ní ọ̀sán. Bí a bá ti ń to ẹja sórí àtẹ ìsàlẹ̀, ìyá àgbà á bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Kò ní sọ kọjá ibi tí àtẹ náà bá kún dé. Bí a bá gbé àtẹ kejì lé e, á sọ àárín. Àtẹ òkè ló ń gbé ìparí. Lẹ́yìn náà, á fi ọ̀pá tó fi ń wa iná tọ́ka sí àtẹ ìsàlẹ̀, á ní kí ọ̀kan nínú wa sọ ohun tó wà níbẹ̀. Á tọ́ka sí àárín, á tọ́ka sí òkè. Ọmọ tó bá sọ tirẹ̀ láìṣì ló máa ń fún ní orí ẹja tó bá kọ́kọ́ jinná. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwa ọmọ agbo ilé náà ṣe mọ ìtàn, láti ọmọ ọdún mẹ́rin sókè. N kò mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀kọ́ ni. Mo rò pé ó kàn fẹ́ kí ọwọ́ wa yá ni.

Mísì ní kí n sọ ọ̀kan kí òun gbọ́, ó sì tún dáwọ́ dúró. Ó ní, "Ṣùgbọ́n Ìyá, nílé wa, a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án." Ìyá àgbà wò ó nínú èéfín. Yorùbá rẹ̀ máa ń fa Ègùn lẹ́yìn bí ọkọ̀ tó ń fa àwọ̀n, kò sì yára rárá. Ó ní, "Tíṣà, ẹ wo ibí yìí. Ẹ rí oòrùn?" Mísì ní òun kò rí i. "Kí ni wọ́n ní ó máa ṣe ẹni tó bá pa á lọ́sàn-án?" Mísì ní, "Wọ́n ní ìyá rẹ̀ á kú." Ìyá àgbà ní, "Ìyá tèmi ti kú kí wọ́n tó bí yín. Wọn ò rí mi mú." Sènamí fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín sì ń gba àyè eyín tó ká jáde.

Ìtàn ọ̀bọ̀kún ni a ti gbọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òun náà ni ìyá àgbà sì fẹ́ràn jù. Láyé àtijọ́, kò sí ẹja tí ìpẹ́ rẹ̀ dán tó ti ọ̀bọ̀kún. Ọ̀dá dá, ọ̀sà ń gbẹ. Akàn ti gbẹ́ ihò tirẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ọ̀bọ̀kún sì lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun láàyè. Ìyẹn ni àtẹ ìsàlẹ̀. Akàn ní ihò òun há, ìpẹ́ kò lè gba ibẹ̀ wọlé. Ọ̀bọ̀kún bá bọ́ ìpẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn fún lékeléke pé kó bá òun tọ́jú wọn ní èbúté, ó sì wọ inú ẹrẹ̀ lọ. Ìyẹn ni àtẹ àárín. Òjò rọ̀, ọ̀sà kún, ọ̀bọ̀kún jáde láti gba ẹrù rẹ̀. Lékeléke ti sá ìpẹ́ náà sínú oòrùn lórí iyanrìn, ó sì gbàgbé wọn síbẹ̀ títí wọ́n fi fọ́ wẹ́wẹ́. Ìdí nìyẹn tí iyanrìn etí omi fi ń dán lọ́sàn-án, tí ọ̀bọ̀kún kò fi ní ìpẹ́, tó sì ń fi ojú pamọ́ sínú ẹrẹ̀. Ìyẹn ni àtẹ òkè.

Ohun tí n kò rò ni pé a ti pààrọ̀ àtẹ kí Mísì tó wọlé. Ẹni tó ń yan ẹja mọ̀ pé ti ìsàlẹ̀ kì í pẹ́ jóná. Bí ó bá ti pọ́n, a ó gbé e lọ sókè, ti àárín á wá sísàlẹ̀, ti òkè á bọ́ sí àárín. Èmi náà ló gbé wọn. Mo wá dúró níwájú ààrò bí ọmọ rere, mo tẹjú mọ́ ẹja tó wà nísàlẹ̀, mo sì sọ ohun tí a sọ nígbà tí a ń tò ó. Mo ní, "Ọ̀bọ̀kún bọ́ ìpẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn fún lékeléke." Mo gbójú sókè díẹ̀. "Òjò rọ̀, ó jáde, ìpẹ́ ti fọ́." Mo gbójú sókè sí i. "Ọ̀sà wá gbẹ, ó lọ bẹ akàn pé kó fún òun láàyè." Ọkàn mi balẹ̀ dáadáa. Kò sí ibì kan tí mo fò.

Sènamí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Kí ló ń bọ́ra fún? Ṣé ó fẹ́ wẹ̀ ni?" Mo ní kó dákẹ́. Kò dákẹ́. "Ẹja wà nínú omi, ó tún ń bọ́ra láti wẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, Kíláàsì Kìíní lò ń lọ o. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lo máa jókòó. Màá máa yá ọ ní sìléètì mi." Kíláàsì Kìíní ni òun fúnra rẹ̀ wà. Mísì yí ojú sí ẹnu ọ̀nà kí n má bàa rí ẹ̀rín rẹ̀, mo sì rí i. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ gbé àáké kí n padà sídìí igi. Ìyá àgbà ní kí n dúró. Kò bínú. Ó yí ẹja kan padà, ó yí èkejì, lẹ́yìn náà ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo ti sọ fún ọ̀pọ̀ ọmọ láti ìgbà náà. Ó ní, "Ẹja ní láti rí àtẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó tó jinná. Ìtàn kì í ṣe ẹja. Bí o bá pààrọ̀ àtẹ rẹ̀, tútù ni wàá gbé e fún èèyàn jẹ."

Ó fa páànù bo ààrò náà títí n kò fi rí àtẹ kankan mọ́. Ó ní kí n sọ ọ́. N kò lè sọ ọ́. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ẹja ni mo há sórí láti ọjọ́ yìí, n kò há ìtàn. Ó ní, "Ọ̀bọ̀kún bọ́ ìpẹ́. Kí ló gbé e débẹ̀?" Mo ronú. Mo ní, "Ihò akàn há." "Kí ló gbé e dé ihò akàn?" "Ọ̀sà ń gbẹ." "Kí ló mú ọ̀sà gbẹ?" "Ọ̀dá ni." "Kí ló mú ọ̀dá wá?" Mo ní, "Mi ò mọ̀, Ìyá." Ó ní, "Èmi náà ò mọ̀. Ibẹ̀ ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀." Mísì ti ṣí ìwé rẹ̀, ó ń kọ nǹkan sínú rẹ̀ lórí orúnkún. Ó sọ fún mi lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, wọ́n kọ́ àwọn láti ya àwòrán ìtàn sórí páálí, kí àwọn gé e, kí àwọn dà á rú, kí ọmọdé sì tò ó padà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá tò ó tì ńkọ́, kí ni kí olùkọ́ bi í? Ó ní kò sí ẹni tó kọ́ àwọn ní ìyẹn. Ní ilé ẹja wa lòun ti gbọ́ ọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ló kù, àwọn méjèèjì sì pín mi láàárín ara wọn. Láàárọ̀, lẹ́yìn tí mo bá ti omi dé, ìyá àgbà á máa bi mí ní ìbéèrè rẹ̀ nígbà tí a bá ń la inú ẹja. Kì í ṣe ìtàn nìkan ló fi ń bi mí. Iyọ̀ tán nínú ìkòkò: kí ló gbé e débẹ̀? Adìyẹ kan ń tiro: kí ló gbé e débẹ̀? Nírọ̀lẹ́, Mísì á tẹ́ páálí mẹ́fà tó ti ya àwòrán sí sórí ẹní, á dà wọ́n rú, èmi àti Sènamí á máa tò wọ́n. Mísì kò mọ àwòrán yà. Lékeléke rẹ̀ jọ ewúrẹ́ tó gun igi. Sènamí bi í pé, "Mísì, ewúrẹ́ yìí ńkọ́, apá ìtàn wo ló wà?" Mísì ní lékeléke ni. Sènamí wò ó títí, ó ní, "Ó dáa, mà," bí ẹni tó ń ṣàánú èèyàn. Bàbá mi máa ń jókòó sí ìta lẹ́yìn ògiri, ó ń tún àwọ̀n ṣe. A máa ń gbọ́ ìró abẹ́rẹ́ igi rẹ̀ bí ó ṣe ń kan okùn. Nígbà mìíràn, bí mo bá dákẹ́ níbi tó le, ìró náà á dákẹ́. Bí mo bá rí ọ̀rọ̀ náà sọ, á tún bẹ̀rẹ̀. N kò mọ ohun tí ó túmọ̀ sí nígbà náà. Mo rò pé okùn ló ń lọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Mo ti di àgbà báyìí, ọdún kẹrin sì rèé tí ìyàwó mi ti kú. N kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, òun ló ń bá mi sọ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí àwọn èèyàn wá láti Àràdágùn àti Gbájì láti kí mi, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè: báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀? N kò lè sọ ọ́. Nínú orí mi, ilé ìwòsàn ti ṣáájú ibà, omi tútù tó béèrè ti ṣáájú àárọ̀ tó gbálẹ̀ tó sì ń kọrin. Ọmọbìnrin wa tó wà ní Èkó kò jẹun, nítorí ó gbà pé bí òun bá tètè dé ni, ìyá òun kì bá tí kú. Ní ọjọ́ kẹfà, mo jókòó lẹ́yìn ilé, mo sì bi ara mi ní ìbéèrè ìyá àgbà, láti ẹ̀yìn wá síwájú, títí mo fi dé ibi tí n kò mọ ohun tó fà á mọ́. Lẹ́yìn náà ni mo pe ọmọ mi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un ní ẹsẹẹsẹ. Ó rí i fúnra rẹ̀ pé kí òun tó gbéra ní Èkó rárá ni nǹkan ti bọ́. Ó sunkún, lẹ́yìn náà ó jẹun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà lọ́jọ́ náà bí ẹni pé ó wà nínú ilé.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí ọ̀gá dá fún wa, bàbá mi kò lọ sídìí àwọ̀n. Ó wọ dàńṣíkí rẹ̀ tó mọ́, ó sì fi ọkọ̀ gbé mi lọ sí ilé-ìwé. Ọ̀gá jẹ́ ọkùnrin tínínrín kan tó wọ gíláàsì. Ó jókòó lẹ́yìn tábìlì, bàbá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, Mísì dúró lẹ́nu ọ̀nà, èmi dúró ní àárín. Ọ̀gá ní kí n tẹ́tí, òun kò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òjò pa iná ìlú àwọn ẹyẹ, kò ku ẹyọ kan. Wọ́n rán Adìyẹ lọ tọrọ iná ní ìlú mìíràn, nítorí pé ó mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀, Pẹ́pẹ́yẹ sì bá a lọ. Wọ́n rìn títí wọ́n fi dé odò ńlá kan. Adìyẹ dúró, nítorí pé kò mọ omi í wẹ̀. Ibẹ̀ ni a dé tí ẹnì kan fi kanlẹ̀kùn pé ewúrẹ́ ti wọ inú oko ẹ̀gẹ́ ilé-ìwé. Ọ̀gá dìde, ó jáde, a sì gbọ́ tó ń pariwo mọ́ ewúrẹ́ àti mọ́ ẹni tó ni ín. Nígbà tó padà, ó nu iwájú orí rẹ̀. "Níbo la dé? Ẹ̀n-ẹ́n. Wọ́n dé ìlú tí iná wà. Wọ́n fún Adìyẹ ní ẹyín iná kan pé kó fi ẹnu mú un, kó má sì sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi délé. Wọ́n padà bí wọ́n ṣe lọ. Bí wọ́n ṣe ń gúnlẹ̀ sí èbúté, Adìyẹ rí àwọn ará ilé, inú rẹ̀ dùn, ó ké. Ẹyín iná bọ́ sórí ẹsẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ, ó yí wọ inú ilẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ ti pọ́n, tí Adìyẹ sì ń tan ilẹ̀ kiri, tó ń wá iná. Ó yá, sọ ọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀. Òjò, iná tó kú, ẹni tí wọ́n rán, ọ̀nà tí wọ́n rìn: ọ̀kan ń fa èkejì bọ̀. Mo dé odò. Mo ti ń la ẹnu láti sọ pé wọ́n dé ìlú tí iná wà, ni mo bá gbọ́ ìbéèrè náà nínú ara mi: kí ló gbé e débẹ̀? N kò rí nǹkan kan. Mo dákẹ́. Láti kíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, àwọn ọmọ ń ka nǹkan pọ̀ ní ohùn kan, ohùn tí mo ti ń gbọ́ láti orí omi. Ọ̀gá yíjú sí bàbá mi. "Ó ti gbàgbé." Bàbá mi wo ilẹ̀. Mo ní, "Mi ò gbàgbé, sà. Adìyẹ ò tíì kọjá odò. Ẹ ò tíì gbé e kọjá." Bàbá mi pe orúkọ mi, "Sẹ̀wánù," kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa yóò mọ ohun tó wà nínú orúkọ náà. Ọmọdé kì í dúró níwájú àgbà kó ní ohun tí àgbà sọ kò pé.

Ọ̀gá ní, "Mo gbé e kọjá. Ṣé irọ́ ni mo ń pa?" Mo ní, "Rárá, sà." "Ó dáa. Ìwọ sọ bó ṣe kọjá, kí á máa lọ." Ọmọ etí ọ̀sà ni mí. Mo mọ bí pẹ́pẹ́yẹ ṣe lè gbé nǹkan. Ó wà lórí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi, bí mo bá sì sọ ọ́, ọ̀rọ̀ tèmi ni yóò jẹ́. Mo ní, "Mi ò mọ̀, sà. Ẹ̀yin lẹ ni ìtàn." Mísì ló sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ kò ga: "Ẹ dìde nídìí odò, sà. Nígbà tí ewúrẹ́ dé." Ọ̀gá bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó ń fi etí agbádá nù ún. "Ewúrẹ́," ó wí, bí ẹni tó ń pe orúkọ ọ̀tá. Ó wọ gíláàsì padà, bàbá mi ló sì kọjú sí nígbà tó sọ ibi tó kù, kì í ṣe èmi. Ó ní Pẹ́pẹ́yẹ gba láti gbé Adìyẹ sẹ́yìn, bí Adìyẹ bá lè ṣèlérí pé òun á máa bá a sàba lé ẹyin rẹ̀ lórí. Ìdí nìyẹn tí adìyẹ fi ń pa ẹyin pẹ́pẹ́yẹ títí di òní. Ká ní mo ti fi ọ̀rọ̀ ara mi dí àyè náà ni, gbígbé sẹ́yìn nìkan ni ǹ bá mọ̀, n kì bá tí mọ ìlérí.

Mo sọ ọ́ tán láti òjò dé ilẹ̀ tí Adìyẹ ń tàn. Ọ̀gá béèrè ẹni tó kọ́ mi. Mo ní, "Ìyá tó bí bàbá mi, sà. Ẹja ni wọ́n ń yan." Ó kọ nǹkan sínú ìwé gbọọrọ kan. Ó ní òun ti rò ó sí Kíláàsì Kẹta, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò mọ A kò lè débẹ̀. Kíláàsì Kejì. Lọ́la, aago méje ààbọ̀. Bàbá mi dúpẹ́, a sì jáde. N kò mọ bóyá mo yege tàbí n kò yege, nítorí pé Kíláàsì Kìíní ni bàbá mi sọ̀rọ̀ lé lórí, kò sọ nǹkan kan nípa Kíláàsì Kejì. Òun ló wa ọkọ̀ padà, kò gbé àjẹ̀ fún mi. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé kó tó sọ̀rọ̀. "Àwọn tó wà ní Kejì yẹn, ṣé wọ́n ṣì ń tọ̀ sára?" Mo ní, "Mi ò mọ̀, Bàbá." Ó wa ọkọ̀ díẹ̀ sí i. Ó ní, "Bóyá ọ̀kan nínú wọn." N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Mísì, ó ní ọ̀gá yẹn kò burú, ewúrẹ́ lè ṣe ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀. Ó bu oúnjẹ fún bàbá mi kó tó bu fún ẹlòmíràn, ó jókòó tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán, kò sì bi í léèrè nǹkan kan. Mo sùn láìmọ̀ bóyá orí omi ni mo máa jí lọ tàbí ilé-ìwé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ẹsẹ̀ bàbá mi, mo dìde, mo gbé àjẹ̀ mi, mo sì tẹ̀ lé e lọ sí èbúté, nítorí pé kò sí ẹni tó ní kí n má tẹ̀ lé e. Ó kó àwọ̀n sínú ọkọ̀, ó wo ojú omi, ó wá wò mí. Ó ní, "Fi àjẹ̀ yẹn sílẹ̀. Bá mi ti ọkọ̀." Mo fi í sílẹ̀ lórí iyanrìn. Ọkọ̀ náà wúwo fún ẹnì méjì, mo sì wọ omi dé ìbàdí kó tó léfòó. Ó jókòó sí ibi tí èmi máa ń jókòó kí ọkọ̀ má bàa yẹ̀, ó sì ń wà á lọ ní òun nìkan, ó ń fi àjẹ̀ kan náà ṣe ọ̀tún, ó ń fi ṣe òsì. Mo dúró nínú omi títí n kò fi rí i mọ́. Lẹ́yìn náà ni mo jáde, mo fún omi kúrò nínú ṣòkòtò mi, mo sì gba ọ̀nà ilé-ìwé lọ.